Ọkọ̀ Òfurufú Japan tí Wọ́n Fín ní Igbó Ẹfọ̀n

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni kí àgbàlagbà máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ike mọ́ ike, kó wá jókòó tì mí. N óò fi abẹ fẹ́lẹ́ lé e lọ́wọ́, n óò sì ní kó gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ike kékeré kan, tí kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, kúrò lára férémù ike tí wọ́n rọ ọ́ mọ́. Bó bá ṣẹ́ ẹ, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Bí kò bá ṣẹ́ ẹ, kò tún ní lè sọ láéláé pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń fi gbogbo ọjọ́ Sátidé ta ayò lábẹ́ igi, tí kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó sú mi.

Ilé ìjọba ní Jakande, Ìlasàn, là ń gbé nígbà náà, èmi àti ìyàwó mi, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣì gbòòrò ju àwọn mọ́tò tó ń gba orí rẹ̀ lọ. Láti ojú fèrèsé wa, a máa ń rí àwọn bíríkìlà tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun àti Èkìtì, tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù lé orí ilẹ̀ tó jẹ́ omi lánàá, fún àwọn onílé tí kò béèrè ibi tí omi náà yóò gbà lọ. Mo kọ àpilẹ̀kọ nípa ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn àfi òjò.

Bàbá ìyàwó mi ń gbé ní Ajah, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn òyìnbó kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Bọ́mà láti lọ bá àwọn ará Japan jà nínú igbó. Ogun tí kò kàn wá ni, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: “Ọ̀mọ̀wé, ó kàn mí o. Èmi ni wọ́n ń yìnbọn fún.” Ọ̀mọ̀wé ló máa ń pè mí, pẹ̀lú ohùn tí àwọn ẹlòmíràn fi ń pe ọlọ́pàá.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ó sì lè rí ohun tí a bá gbé sún mọ́ ọn dáadáa. Àwọn dókítà ní àwọn yóò fi abẹ ṣí ohun tó bò ó, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí: ojú náà lè là, ó sì lè tẹ̀lé èkejì rẹ̀ lọ. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Nígbà tí a lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú kan, tí ìyàwó mi ń gún iyán lẹ́yìn ilé, ó yí ojú tó kù sí mi.

“Ọ̀mọ̀wé, ìwọ tí o ti ka gbogbo ìwé tán. Báwo ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ará Japan yẹn ṣe rí?”

“Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ ń bi mí?”

“Mo wà níbẹ̀. Imú mi ló wà nínú ẹrẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀, ọ̀gá wa á ní ká dojú bolẹ̀, a ó dojú bolẹ̀. Ariwo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ohun tí mo fi ojú mi rí ní Bọ́mà ni èèrà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan kò dìde mọ́. Èmi dìde, ọkọ̀ náà ti lọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú yìí, mo fẹ́ rí ohun tó ń fò kọjá lórí wa.”

Inú bí mi, kì í ṣe sí i. Mo bínú sí gbogbo àwọn tó kọ ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́: ojú ewé lórí ojú ewé fún àwọn ọ̀gágun òyìnbó àti irùngbọ̀n wọn, kò sí ìlà kan ṣoṣo fún ẹni tí imú rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Mo wá àwòrán, mo rí i, ṣùgbọ́n ojú tó kù fún bàbá yìí kò lè rí àwòrán mọ́, ó kàn ń rí eérú lórí funfun. Ohun tó ṣeé gbé sọ́wọ́ ni mo nílò, ohun tó ṣeé gbé sún mọ́ ojú kan, kí a sì máa yí i po.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń to ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yunifásítì ń lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Japan. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo ní kó bá mi ra ọkọ̀ òfurufú ogun kékeré, irú èyí tí wọ́n ń ta ní ègé ike tí èèyàn á fúnra rẹ̀ tò pọ̀, mo sì ṣàlàyé fún un pé oríṣi méjì ló wà tí àwọn aláìmọ̀kan máa ń dà pọ̀: ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, tí gbogbo ayé mọ̀, àti ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, tó sì jẹ́ pé òun ló ń fò lójú ọ̀run Bọ́mà. Mo ní bó bá ra ti ojú omi, kó dá a padà. Ó ra èyí tí mo ní kó rà, ohun tí a kì í sábà rí láàárín àwa ọ̀mọ̀wé. Bó ṣe ń gbé páálí náà fún mi ló ń wí pé, “Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.” Mo gba páálí mi, mo bá tèmi lọ.

Èdè Japan ni wọ́n fi kọ gbogbo àlàyé inú páálí, ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀, mo sì tẹ̀ lé àwòrán. Tábìlì ìjẹun ni mo gbà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wo àwọn ike tí mo tò sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

“Olówó orí mi, orí kí ni a ó ti máa jẹun?”

“Orí ẹsẹ̀ wa. Bàbá yín ló ni iṣẹ́ yìí.”

“Bàbá mi ò ní kí ẹ gba tábìlì mi. Ó ní òun fẹ́ rí ọkọ̀.” Ó wọ yàrá lọ, ó sì mú ẹ̀mú tín-ín-rín tó ti ń lò láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá. “Ẹ gbà. Ẹ má fi ìka ràbàtà yín ba nǹkan jẹ́.”

Iṣẹ́ náà gbádùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kun àga awakọ̀, mo kun ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti dé imú ọkọ̀ náà lórí rẹ̀. Ìyàwó mi béèrè ìdí tí mo fi ń kun ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Mo ní nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè tí kò bá kun ohun tí a kò rí ni afárá rẹ̀ máa ń wó. Ó ní kí n jẹun.

Àwọn ìlà ara rẹ̀ ló gba sùúrù mi jù lọ. Ọkọ̀ òfurufú gidi, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà àwọn tó rọ ike yìí fa ìlà tín-ín-rín sí gbogbo ibi tí páànù kan ti pàdé èkejì. Nígbà tí mo lẹ apá ọ̀tún ara ọkọ̀ mọ́ ti òsì, tí mo fi sáńpépà fá ojú oríkèé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlà náà parẹ́. Mo mú abẹ́rẹ́, mo mú rúlà, mo sì tún wọn fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ṣe ìlà kan ní wíwọ́, mo máa ń dí i, n óò sì tún un fà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo gbé ike náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Gbogbo ìlà rẹ̀ hàn ketekete, mo sì rìn yí tábìlì náà po bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ó wá ku kíkùn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì dán ọ̀dà wò lára ike tó ṣẹ́kù. Ipa irun búrọ́ọ̀ṣì hàn lórí rẹ̀ bí ojú àgbàrá. Fínfín ló yẹ kí a fín in, mi ò sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń fín ọ̀dà sára nǹkan. Ẹni tó ní in tí mo sì mọ̀ wà ní Igbó Ẹfọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀: ọkùnrin ará Ìwó tó ń kun mọ́tò lábẹ́ ìbòrí tapólì. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Àlàájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lọ sí Mẹ́kà. Afẹ́fẹ́ òkun tó ń jẹ ara mọ́tò wa kò jẹ́ kí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí epo ti ń jò.

“Ọ̀gá Dókítà, èyí ò kéré jù fún yín? Àbí ibi tí owó oṣù yunifásítì dé nìyí?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ fún un: àwọ̀ ewé tó ti ṣá lókè, àwọ̀ eérú nísàlẹ̀, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

“Kò gbọdọ̀ dán, Àlàájì. Mo tún un sọ: kò gbọdọ̀ dán.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

“Kí ẹ kàn fín in lásán. Ẹ má ṣe wàhálà jù.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Níbikíbi láyé, ẹni tó bá ní kí oníṣẹ́ má ṣe wàhálà jù ń sọ pé kó má ṣe wàhálà jù. Ní ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, ohun tí oníbàárà máa ń sọ nìyẹn nígbà tí ojú bá ń tì í láti béèrè iṣẹ́ tó péye lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ mọra. Oníṣẹ́ tó bá sì níwà kì í gbà fún un. Ó máa ń ṣe é dójú àmì, á tún fi jára lé e.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni mo padà lọ gbà á. Àlàájì rí mi láti òkèèrè, ó sì fi aṣọ funfun bo nǹkan kan lórí àgbá. Nígbà tí mo dé, ó ṣí i bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó.

Ọkọ̀ náà ń kọ mànà. Mo rí ojú ara mi lápá rẹ̀. Mo rí tapólì, mo rí ìkùukùu, mo rí Àlàájì pẹ̀lú eyín rẹ̀ níta. Ohun tí mi ò rí ni ìlà kankan. Láti imú dé ìrù, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ara ẹyin.

“Àlàájì, àwọn ìlà dà?”

“Ìlà wo, sà?”

“Àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀!”

“Háà! Ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀?” Ó gbọn orí pẹ̀lú àánú. “Ẹni tó tà á fún yín ò ṣe yín dáadáa, sà. Gbogbo ara ẹ̀ ló ti sán. Iwájú, ẹ̀yìn, abẹ́ apá. Mo ní bóyá Dókítà ò mọ̀ ni, àbí ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Mo fi pọ́tì dí gbogbo ẹ̀ pátá. Mo fi sáńpépà olómi fá a lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fọwọ́ pa á wò.”

“Èmi ni mo fa àwọn ìlà yẹn! Abẹ́rẹ́ ni mo fi fà wọ́n!”

Àlàájì wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá rọra béèrè pé, “Ẹ̀yin lẹ sán an, sà?”

Mi ò lè sọ gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn èyí tán. Mo mọ̀ pé mo ṣì ń pè é ní “ẹ”, nítorí ìbínú tèmi kì í gbàgbé ọ̀wọ̀. Mo sọ nípa orílẹ̀-èdè tó ń fi dídán bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, tó ń kun ojú ilé ìwòsàn tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, tó ń fi ọ̀dà funfun kun etí ọ̀nà nígbà tí àlejò ńlá bá ń bọ̀. Mo ní ọkọ̀ ogun ni èyí, mo ní ọkọ̀ ogun tó bá ń dán báyìí, ọ̀tá á ti rí i láti òkèèrè!

“Ogun ọ̀hún ò tíì parí ni, sà?” ni Àlàájì wí.

Awakọ̀ kan tó ń dúró de mọ́tò rẹ̀ bọ́ sọ́rọ̀ náà. “Dókítà, bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ gbé e fún mi. Kí n máa gbé e síwájú mọ́tò mi. Ó mọ́ ju mọ́tò náà gan-an lọ.”

Ohun tó múnú bí mi jù ni pé iṣẹ́ náà dára. Pátápátá ni Àlàájì ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí ọ̀dà ti ṣàn, kò sí ekuru kan ṣoṣo nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú sì pàdé ní etí apá bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó lẹ bébà bo gíláàsì ibùjókòó awakọ̀ kó tó fín in, ó sì wá fi òwú nu gíláàsì náà títí ó fi mọ́ gaara. Jára nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ náà lọ sílé nínú ìbínú tó mọ́ tónítóní.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ní gbé irọ́ lọ síwájú bàbá rẹ̀. N óò fá gbogbo ọ̀dà náà, n óò tún gbogbo ìlà fà.

“Ọ̀la ni wọ́n máa gbé Bàbá lọ.”

“Wọ́n lè sún un síwájú.”

“Dókítà á sún iṣẹ́ abẹ síwájú torí ìlà ara ike?” Ó ṣíjú sí mi. “Ṣé Bàbá lẹ fẹ́ kó rí i ni, àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ará Japan wá fọwọ́ sí i?”

Mo jókòó, mo rẹ àwọn àmì oòrùn pupa ti Japan tó wà nínú páálí sínú omi, mo sì rọra fi ẹ̀mú gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé apá àti ara ọkọ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láìwú sókè níbì kankan, nítorí pé orí ohun tó ń dán ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ti máa ń lẹ̀ jù. Ìyẹn nìkan ni mo gbà fún Àlàájì, títí dòní olónìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Ajah kí oòrùn tó mú. Bàbá ti wọ agbádá, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé aṣìṣe wà nínú rẹ̀, pé ojúlówó rẹ̀ kì í dán, pé ìlà yẹ kó wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

“Ọ̀mọ̀wé, gbé e wá.”

Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún títí imú ọkọ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ po. Ó wo òkè rẹ̀ kíákíá, ó wá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì pẹ́ púpọ̀ níbi abẹ́ rẹ̀.

“Gbà,” ló wí, ó sì dá a padà fún mi. “Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Gbé e kọjá lórí mi.”

“Ẹ ní?”

“Gbé e fò. Ṣé ohun tí kì í fò lo kọ́ fún mi ni?”

Mo lọ síbẹ̀. Mo gbé apá mi sókè, mo sì rìn kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé. Ó ní ṣé ọkọ̀ òfurufú ni mo gbé kọjá ni tàbí àwo ọbẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà? Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo àjà ilé. Mo padà, mo sì dún “fùùù” bí mo ṣe ń bọ̀.

“Fáànù nìyẹn! Kò dún bẹ́ẹ̀!” Bàbá fa èémí, ó sì mú ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, ohùn tó kọ́kọ́ jìnnà, tó ń le sí i, tó ń le sí i, títí àwọn adìyẹ fi sá kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Ó ní ó ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló fi orí lé ẹ̀yìn àga, ó sì la ojú méjèèjì sílẹ̀ kedere sí òkè. Mo ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ariwo Bọ́mà lẹ́nu mi. Bí mo ṣe dé orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yọ́ lórí apá ọkọ̀ náà láti etí kan dé èkejì, mo sì rí ojú rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e, tó ń tẹ̀ lé e, títí ó fi kọjá.

“Àṣé bó ṣe kéré tó nìyí,” ló wí.

“Rárá o, Bàbá,” ni mo dáhùn, nítorí pé òtítọ́ ni òtítọ́ ń jẹ́. “Mo dín in kù ni. Ẹ ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po méjìdínláàádọ́ta kí ẹ tó…”

Ìyàwó mi fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé, ta ló wà níbẹ̀ nínú àwa méjèèjì? Mo ní ó kéré.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ojú ọ̀tún sì là, ó là débi pé ó padà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àpilẹ̀kọ mi, tó sì ń ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n gùn jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa láàárọ̀ yẹn. Mo ti bá kọmíṣánnà jiyàn rí, mo ti bá olórí yunifásítì jiyàn, mi ò sì jáwọ́. Mo wo bàbá tó fi orí lé ẹ̀yìn àga, tó ń dúró, tó la ojú sílẹ̀.

“Ó kéré, Bàbá,” ni mo wí.

“Ẹn-hẹ́n. Tún un gbé kọjá.”

Mo padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo fa èémí sínú dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.